Irun Kì í Ṣe Pàǹtí

Màmá fi oríkèé ìka kan páálí mílíìkì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kò, kò, kò. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n sì dákẹ́. Àwa ọmọ mẹ́ta tí a jókòó yí tábìlì ìdáná wọn ká náà dákẹ́. Heizung tó ń mú ilé gbóná ń kùn lábẹ́ fèrèsé, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi fúláwà sè ń tutù nínú ìkòkò kékeré, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ẹ̀kọ tó fẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n tẹ́tí tó, wọ́n mi orí, wọ́n mú àlùmọ́gàjí. Wọ́n ní, "Ó ti jáde. Ẹ jẹ́ ká gé e."

Mi ò bi wọ́n rí pé ta ló jáde. Ẹ̀rù kò jẹ́.

Ilé alájà márùn-ún ni ilé wa ní àdúgbò Wedding, ní Berlin. Ìyá àgbà yìí ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ku nǹkan bí ọdún méjì kí kòrónà dé kó ti gbogbo ayé mọ́lé, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì mi. Dádì mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, ní Hamburg. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá wa, tó bá ti di ọ̀sán Sọ́ńdè, wọ́n ti padà. Nítorí náà, tí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mò ń jókòó sí títí Mọ́mì yóò fi dé. Gbogbo ilé ló ń pè wọ́n ní Màmá. Orúkọ wọn gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní, àbí ta ni yóò dúró síwájú àgbà kó máa bi wọ́n lórúkọ?

Tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n nílé ní Nàìjíríà, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́. Nígbà tí wọ́n dé Berlin, tí wọ́n rí ohun tí àwọn ènìyàn ń jù sínú Gelbe Tonne, ìyẹn ike ńlá tí à ń da ọ̀rá àti agolo sí, ó ká wọn lára. Wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á gbé àpò, wọ́n á lọ ṣa ohun tó wù wọ́n. Lọ́jọ́ kan, Hausmeister tó ń bójú tó ilé wa ká wọn mọ́ ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Èmi ni mo dúró láàárín wọn tí mò ń túmọ̀. Ọkùnrin náà ní kí n sọ fún wọn pé ìdọ̀tí ni, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Màmá ní, "Sọ fún un pé ó káre. Tí kì í bá ṣe ti ẹnikẹ́ni, kí ló wá ń pariwo lé mi lórí sí?" Mo túmọ̀ ìdajì, mo gbé ìdajì mì.

Ẹ ò bá rí ohun tí wọ́n ń fi pàǹtí yẹn ṣe! Páálí mílíìkì á di ilé onífèrèsé, òmíràn á di ọkọ̀ akẹ́rù tí ìdérí ìgò jẹ́ táyà rẹ̀. Páálí ẹyin á di ọ̀nì tó ń fi gbogbo eyín hàn. Agolo tòmátì, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á ki okùn bọ̀ ọ́, a ó dúró lé e lórí, a ó máa rìn gbàǹgbàǹ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ará òkè á fi kígbe. Páálí róbótó tó máa ń kù tí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe ọmọláńgidi. Wọ́n á fi àjákù àǹkárá wọ̀ ọ́, wọ́n á fi òwú dúdú ṣe irun rẹ̀, wọ́n á fi igi áísìkirímù ṣe apá. Ẹnu rẹ̀ á pé, imú rẹ̀ á pé. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ya ojú sí i. Àwọn ọmọláńgidi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì lórí pẹpẹ, ibi tí ojú yẹ kó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo bi wọ́n nípa èyí. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í ya ojú?"

Wọ́n ń fi eyín já òwú lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ohun tí o bá ti ya ojú sí, ó ti ń wò ọ́ nìyẹn. Ṣé o ti ṣe tán kó máa wò ọ́?"

Ara mi bù máṣọ. Mo ní mi ò tíì ṣe tán. Kí a tó lọ sílé lójoojúmọ́, Màmá á tún lọ sídìí pẹpẹ náà, wọ́n á yí ọmọláńgidi kọ̀ọ̀kan kó kọjú sí ògiri. Ohun tí kò lójú, tí a tún ń yí ojú rẹ̀ sí ògiri! Èmi àti àwọn méjì tó kù á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n tó bá ku èmi nìkan, tí iná àtẹ̀gùn sì kú lójijì bó ṣe máa ń kú, sáré ni mò ń sá gòkè, mi ò jẹ́ wẹ̀yìn.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ọmọbìnrin kan nínú wa ṣa irun tó há sínú kóòmù ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọláńgidi òun lórí, kó lè dà bí irun gidi. Màmá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi bébà wé e, wọ́n ní kó gbé e padà fún ìyá rẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí gbogbo wa.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Páálí, pàǹtí ni. Ọ̀rá, pàǹtí ni. Agolo, pàǹtí ni. Ṣùgbọ́n irun, èékánná, aṣọ tí òógùn ẹlòmíràn ṣì wà lára rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe pàǹtí. Ohun tó bá ti ara ènìyàn jáde, ènìyàn náà ni. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré."

Mo ní, "Ja, Màmá," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo tiẹ̀ gbọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n gbọ́ ọ lọ, torí látọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ohun tí mo lè fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ara mi. Olórí kunkun ni mí, mo sì fẹ́ràn Dádì mi débi pé ó ń dùn mí. Tí wọ́n bá ti ń wọ bàtà lọ́sàn-án Sọ́ńdè, màá dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ márùn-ún péré ni." Ta ló bèèrè ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ wọn? Mo fẹ́ kí Dádì mi jókòó sílé, kí wọ́n wà ńbẹ̀ tí mo bá ti ilé ìwé dé, bí bàbá àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wà ńlé. Ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kan ní àárín òtútù, Mọ́mì fi kílípà gé irun fún Dádì nínú ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní kí n gbá irun náà dànù. Mo gbá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́ sínú ọ̀rá búrẹ́dì.

Bí Dádì ṣe lọ tán lọ́jọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi. Páálí mílíìkì ni mo fi ṣe ara rẹ̀, torí páálí tíṣù kéré jù fún Dádì mi. Mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa, mílíìkì díẹ̀ ṣì ń dún ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò sì kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gé nínú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn kan tó ti ya, mo fi wọ̀ ọ́. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ irun mọ́ ọn lórí. Irun náà kúkurú, ó le, ó ń gún mi níka. Mo fún un ní ẹsẹ̀ gígùn méjì. Ó kọ̀, kò jókòó, ẹ̀yìn ló ń ṣubú sí. Mo bá ká ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ ìdí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ró kẹ́rẹ́. Ó wá jókòó. Mo mú bírò, mo ya ojú méjì sí i.

Yéè, ó wò mí! Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni mo fi yà á, mo mọ̀ pé bírò lásán ni. Síbẹ̀, ibi yòówù kí n rìn sí nínú yàrá náà, orí mi ń wú. Mo wá àpótí bàtà kan, mo gbé e sínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jókòó, Dádì. Ẹ má lọ mọ́." Mo fi "ẹ" sí i, torí Dádì ni. Mo dé e, mo tì í sẹ́yìn Heizung yàrá mi.

Ọ̀sán Wẹ́sìdé ni wọ́n pe Mọ́mì láti ilé ìwòsàn kan ní Hamburg. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá wọn lórí ìdúró ní ìdáná, fóònù wà létí wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì nu tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Pẹpẹ irin gíga tí wọ́n ń to ẹrù sí ní ibi iṣẹ́ Dádì ló wó. Àwọn páálí ẹrù ya bo Dádì mọ́lẹ̀, ó sì tó wákàtí méjì kí àwọn panápaná tó ráyè yọ wọ́n jáde. Ẹsẹ̀ wọn òsì ká sábẹ́ ara wọn, ó fọ́ níbi mẹ́ta. Dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n Dádì kò tíì jí dáadáa.

Mọ́mì kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, wọ́n fà mí lé Màmá lọ́wọ́, wọ́n sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Mi ò sunkún. Mo sọ fún Màmá pé mo fẹ́ lọ mú ìwé mi lókè. Mo gòkè lọ, mo fa àpótí bàtà náà jáde, mo ṣí i. Heizung ti mú mílíìkì inú rẹ̀ kan, òórùn náà sì gbá mi lójú. Ara páálí ti rọ̀, ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó ṣì jókòó. Ojú méjèèjì ṣì là.

Mi ò mọ bí mo ṣe gba orí àtẹ̀gùn náà sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì Màmá, mo sì dúró.

Wọ́n fi ìka kan irun orí rẹ̀, wọ́n tètè fa ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Irun ta nìyí?"

"Ti Dádì mi."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní kí wọ́n má lọ mọ́."

"Háà! Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ṣe yìí?"

Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbátí. Dípò ìgbátí, wọ́n fà mí mọ́ra. Mo gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù kì-kì-kì, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ jù ú sínú Gelbe Tonne."

"O fẹ́ lọ ju bàbá rẹ nù?"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán, wọ́n ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ. Wọ́n gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo ojú náà. Wọ́n ní, "Kó sinmi ná." Wọ́n tú ẹsẹ̀ tí mo ká, díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rẹ orí rẹ̀, kí gọ́ọ̀mù lè tú. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni à ń yọ irun náà, à ń tẹ́ ẹ sórí háńkáṣíìfù funfun. Màmá ń sọ nǹkan lábẹ́ ẹnu. Bóyá àdúrà ni, bóyá wọ́n ń bá Dádì sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ṣú ní aago mẹ́rin bó ṣe máa ń ṣú nígbà òtútù, wọ́n tan iná, a ń bá a lọ. Wọ́n ní ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kù. Nígbà tí mo rò pé ó ti tán, wọ́n fa apá súwẹ́tà mi, wọ́n yọ ẹyọ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n fọ páálí tó kù, wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n gbé e sétí. Ó pẹ́ gan-an. Mo ń wo ẹnu wọn. Nígbà tí wọ́n mi orí, òógùn ti bo iwájú orí wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg. Háńkáṣíìfù náà wà láyà wọn, ọwọ́ wọn kò kúrò lórí ibẹ̀ láti Berlin títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bi mí bóyá àyà ń dun ìyá mi àgbà. Mo ní rárá, òtútù ni. Yìnyín bo gbogbo pápá, kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀, Màmá sì ń wo ìta bí ẹni ń wá ẹnì kan.

Mọ́mì gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà yàrá Dádì nílé ìwòsàn, ojú wọn pọ́n. Màmá ní kí wọ́n lọ wá nǹkan gbígbóná mu, pé àwa á jókòó ti Dádì. Bí ó ṣe ku àwa méjì, Màmá yọ háńkáṣíìfù náà jáde, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Dádì, wọ́n sì pa ìka Dádì dé lé e lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Dádì, wọ́n pe orúkọ Dádì gan-an, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń pe ènìyàn láti yàrá kejì. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Dádì la ojú.

Dádì ní, "Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi? Ibẹ̀ gbóná jù. Mílíìkì kíkan ló ń rùn."

Wọ́n tún sùn lọ. Mo jókòó sílẹ̀. Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sọ lẹ́yìn náà pé oògùn ló máa ń mú ènìyàn sọ ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi àti Màmá kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mílíìkì fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Nígbà tí à ń padà sí Berlin, mo bi wọ́n. Mo ní, "Màmá, ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Irin ló wó lù ú. Ìwọ kọ́ lo ti irin."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Wọ́n wojú mi, wọn ò gbé ojú kúrò. "Kò dá mi lójú, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o ní kó jókòó, ó sì ti di dandan kó jókòó báyìí. Má sọ fún un láéláé. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwọ ṣáà máa bá a jókòó."

Ìgbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ ni Dádì dé, pẹ̀lú irin nínú ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lọ́wọ́. Wọn ò padà sí Billbrook mọ́. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo ń bá wọn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n kọ́ ọbẹ̀ sísè, wọ́n ń bá mi ṣe ìṣirò, wọ́n ń tiro lọ bá àwọn tíṣà mi sọ̀rọ̀. Tí ẹsẹ̀ náà bá ń ro wọ́n, wọ́n á rọra máa kérora kí n má bàa gbọ́. Mo ń gbọ́. Màmá padà sílé ní Nàìjíríà lọ́dún tó tẹ̀ lé e; lẹ́yìn kòrónà la gbọ́ pé wọ́n ti papò dà. Mo sunkún wọn ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún Mọ́mì lọ.

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún báyìí. Fún mi ní páálí èyíkéyìí, mo lè sọ ọ́ di ilé, mo lè sọ ọ́ di ọkọ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń bá ṣeré nígbà ìsinmi ń pè mí ní àǹtí onípáálí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wúwo nínú ohun tí mo gbé kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà náà. Mo bèèrè nǹkan, mo rí i gbà, inú mi sì dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi: ọdún tí Dádì mi fi jókòó sílé wọ̀nyẹn, òun ló dùn jù nínú ayé mi. Dádì náà máa ń sọ fún àlejò pé ká ní irin yẹn kò wó ni, àwọn ò bá má mọ ọmọ àwọn. Wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn dúpẹ́. Gbogbo ilé á ṣe àmín, èmi á dìde lọ fọ abọ́.

Ilé ìwé gíga kan ní ìlú Leipzig ti gbà mí, lẹ́tà wọn sì ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánàá, Dádì fi ọ̀pá wọn tì í sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń di ẹrù. Kí ló ń dá ọ dúró? Ta ló ní kí o máa jókòó tì mí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni kankan, Dádì."

Mo fa àga mi sún mọ́ tiwọn.